Láti Ìlá dé Òkukù: Kí Ni Ọmọ Fẹ́ Fi Sósà Sáyẹ́ǹsì Ṣe?

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Òṣogbo, tó gba Ìkìrun kọjá, tó forí lé apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bó pẹ́ bó yá, yóò dé Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìlú ẹlẹ́mu ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́ ẹmu Ìlá wò, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò gba ẹ̀rí. Ìlú ọba ńlá ni pẹ̀lú. Ìtàn sọ pé Ọ̀ràngún wà lára àwọn ọmọ Odùduwà tó gbadé kúrò ní Ifẹ̀. Ìlá Yàrá ni wọ́n tẹ̀dó sí tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ oyè tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ọba méjì. Ọ̀kan lọ sí Ìlá, èkejì lọ sí Òkè-Ìlá. Títí dòní, Ọ̀ràngún méjì ló wà.

Ìgbómìnà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Ìgbómìnà ni kò sí ní Ọ̀ṣun. Omù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, Kwara ni wọ́n wà. Ìjọba Òyìnbó ló fàlà sáàárín ọmọ ìyá, tó fi Ìlá sí ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́, tó fi àwọn yòókù sí ọ̀dọ̀ Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991, Ìlá bá Ọ̀ṣun lọ.

Ohun tí Ìlá tún fi ń yangàn báyìí ni ilé-ìwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà ìjọba Ààrẹ Buhari, ìjọba àpapọ̀ tún gbé Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera wá síbẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì lè máa jó. Èyí tí ọmọ tirẹ̀ ní Sósà Sáyẹ́ǹsì lòun fẹ́ kà ńkọ́? Yunifásítì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní ohun tí ọmọ náà ń wá. Àfi kí ọmọ di ẹrù.

Ibi kan tó sún mọ́ wọn ni Òkukù. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 2006, ìlú mẹ́fà ni wọ́n pín in sí. Òkukù ni Sósà Sáyẹ́ǹsì bọ́ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ẹkonómíìsì, ìmọ̀ òṣèlú àti sosiọ́lọ́jì. Ọdún mẹ́rin gbáko ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta epo pupa ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, sosiọ́lọ́jì ni mo fẹ́ kà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀kọ́ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀ ni, mà."

"Háà! Agboolé tá a bí ọ sí, ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé níbẹ̀ ni? Kí n máa ta epo nínú oòrùn, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ará ilé gbé?"

Ìyá yìí kò sọ̀rọ̀ òpè. Owó ẹni kì í dunni kéèyàn má bèèrè ohun tó fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí kan náà.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, obìnrin Òyìnbó kan, Karin Barber, wá gbé Òkukù. Ó kọ́ èdè wa, ó jókòó ti àwọn ìyá tó ń ki oríkì. Yunifásítì Ifẹ̀, ilé-ìwé ìjọba, ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́dún 1991, ìwé rẹ̀ lórí oríkì àti àwọn obìnrin Òkukù jáde, gbogbo ayé sì ń kà á. Ní Ìlá fúnra rẹ̀, John Pemberton, ará Amẹ́ríkà, àti ọmọ Yorùbá kan, Fúnṣọ́ Afọláyan, kọ ìwé lórí ọba Ìlá àti ọdún ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ó jáde lọ́dún 1996.

Èésú tí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ń dá ńkọ́? Lọ́dún 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà, kọ odidi iṣẹ́ ìwádìí kan lórí èésú Yorùbá. Ohun tẹ́ ẹ rò pé kò ju ọ̀rọ̀ abẹ́ ìsọ̀ lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jókòó yí i ká.

Ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akíwọwọ ti Ifẹ̀ mú ọ̀rọ̀ àjọbí àti àjọgbé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo yunifásítì lọ́dún 1980. Ó tún wọ inú ẹsẹ Ifá lọ wá ìdí tí ẹ̀dá fi ń ṣù jọ. Ìbéèrè tí ìyá elépo fi ń bínú gan-an nìyẹn: báwo làwọn tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ṣe ń gbé pọ̀ láìpa ara wọn? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò wúlò níbi tí ìlú bá ti ń jà.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ fún ìyá. Ìwé ẹ̀rí yìí kò dà bíi ti nọ́ọ̀sì tí orúkọ iṣẹ́ ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó kà á lè ṣiṣẹ́ ní káńsù, ní báǹkì, ní ilé-ìwé tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n òun ni yóò wá iṣẹ́ náà kiri. Kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹni tó ń sá fún ìṣirò. Ẹkonómíìsì kò gba ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, yóò sì tún pàdé rẹ̀ ní JAMB. Ẹni tó ka sosiọ́lọ́jì pàápàá yóò bá ìṣirò jà kó tó jáde.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà ń bẹ. Lọ́dún 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba fi wà ní títì. Ní ti owó, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá, ọwọ́ ilé-ìwé ló ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n gbèsè ni o, kì í ṣe ọrẹ. Tí ọmọ bá sin ìlú tán, tó sì ríṣẹ́, yóò san án.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má lé ọmọ yìí dànù. Ẹ ní kó wá jókòó tì yín ní ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ní kó bi yín bí èésú yín ṣe ń yí, ẹni tó ń kọ́kọ́ kó, ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá sá lọ. Tó bá sú u kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ jẹ́ kó wá iṣẹ́ mìíràn. Tó bá mú bírò, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó tún ń béèrè sí i, ẹ wá owó ọkọ̀ Òkukù fún un. Àwọn àlejò ti kọ tiwọn nípa wa. Ó ku ti ọmọ elépo.