Níbi Tí A Sin Ìwọ́ Wọn Sí: Àwọn Ìyá Big Mountain

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa àwọn àgbà kì í ju ìwọ́ ọmọ tuntun nù bí ìdọ̀tí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, kí ọmọ náà lè mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé ilẹ̀ òkèèrè kan, níbi tí àwọn ìyá mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ náà.

Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà ni à ń lọ. Bí ẹ bá gbéra ní ìlú Flagstaff, tí ẹ sì kọrí sí àríwá àti ìlà-oòrùn, ẹ ó rí i pé igi ń dínkù, ilẹ̀ ń pọ́n sí i, ojú ọ̀run sì ń fẹ̀. Níkẹyìn ẹ ó rí òkè gbọọrọ kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Black Mesa ni orúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ sì ni àdúgbò Big Mountain wà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ní ọ̀dà. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ a mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ pinpin. Ilé jìnnà sí ilé. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kò sí iná mànàmáná, kò sì sí omi ẹ̀rọ. Nígbà òtútù, yìnyín a bo ilẹ̀.

Àwọn Navajo, tí ń pe ara wọn ní Diné, ni ó ń gbé ibẹ̀. Igi àti amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé ìbílẹ̀ wọn tí ń jẹ́ hogan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ a sì máa kọjú sí ìlà-oòrùn. Ohun kan lè ya ẹ̀yin ìyàwó ilé lẹ́nu: ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́ láàrin wọn, àti pé ní àṣà àtijọ́, ọkọ ni í kó lọ bá àwọn ará ìyàwó rẹ̀. Obìnrin ni ó sábà máa ń ni agbo àgùntàn. Òun ni í ran irun wọn bí òwú, tí í pa á láró, tí í sì fi í hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń hun kíjìpá. Ẹni tí ó bá gba àgùntàn lọ́wọ́ ìyá Diné ti gba oúnjẹ, aṣọ, owó àti ogún ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ó wá fa wàhálà? Àwọn Hopi náà ti ń gbé lórí òkè wọnnì láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹjọ́ tiwọn náà kì í ṣe irọ́. Ní 1882, Ààrẹ Chester Arthur ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún Hopi àti fún àwọn mìíràn tí ìjọba bá gbà láyè. Ní 1962, ilé ẹjọ́ sọ pé ẹ̀yà méjèèjì ni ó jùmọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èédú sì wà nínú ilẹ̀ náà. Láàrin 1964 sí 1966, ilé iṣẹ́ Peabody gba àyè láti wà á. Títí di òpin 2005, omi abẹ́ ilẹ̀ ni a fi ń ti èédú lílọ̀ gba inú ọ̀pá tí ó gùn ní 273 máìlì, nígbà tí àwọn ìyá ń fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ wá omi mímu.

Ní 1974, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin láti pín ilẹ̀ náà, tí ó tó 1,800,000 éékà, sí méjì. A fi wáyà là á láàrin. Hopi tí a ṣí nípò tó nǹkan bí 100. Navajo ju 10,000 lọ. A kọ́lé fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìgboro, ṣùgbọ́n ẹni tí kò san owó omi tàbí owó iná rí tètè jẹ gbèsè, òmíràn sì pàdánù ilé náà.

Oṣù Keje 1986 ni gbèdéke. Àwọn ìyá kan ní àwọn kò lọ. Ní 1979, Katherine Smith yìnbọn sókè lórí àwọn tí ń fa wáyà. Roberta Blackgoat, ahunṣọ, rin ọ̀nà jíjìn kiri láti rojọ́ wọn títí ó fi kú ní 2002. Ṣùgbọ́n dídúró ní ìyà tirẹ̀. Kíkọ́ ilé tàbí títún òrùlé ṣe láìgba àṣẹ di èèwọ̀, a dín agbo wọn kù, àwọn ọmọ sì wá iṣẹ́ lọ. Ó wá ku arúgbó, àgùntàn àti òtútù.

Ibẹ̀ ni àwọn olùrànlọ́wọ́ ti wọlé, nígbà tí àwọn ìyá ké sí wọn. Wọ́n ti Amẹ́ríkà àti òkè òkun wá, wọn kì í gba owó. Wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù lọ́dọ̀ ìyá kan: wọn a da àgùntàn lọ jẹko, wọn a la igi ìdáná, wọn a pọn omi. Oúnjẹ tiwọn ni wọ́n ń gbé wá, ọtí kò gbọdọ̀ bá wọn wọlé. Nígbà ìkórè, àwọn mìíràn a kó ara wọn jọ láti wá gé igi tí àwọn ìyá yóò fi yáná.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ìyá ni í pàṣẹ, àlejò ni í jẹ́ ẹ. Àwọn àlejò náà kò gba ìjà ìyá jà bí ẹni pé tiwọn ni. Iṣẹ́ ilé tí ì bá lé e kúrò lórí ilẹ̀ ni wọ́n bá a ṣe. Ẹni tí igi rẹ̀ kò tán kò ní ìdí láti kó lọ sí ìgboro.

Ní 1996, òfin mìíràn fún wọn láyè láti yá ilẹ̀ náà fún ọdún 75. Àwọn kan fọwọ́ sí i. Àwọn mìíràn ní àwọn kò lè yá ilẹ̀ tí a sin ìwọ́ àwọn sí. Ní 2014, a tún kó àgùntàn àwọn àgbàlagbà kan. Iwakùsà Kayenta tí ó wà lórí òkè náà kógbá wọlé ní 2019. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àkọ́kọ́ ti kú. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ó ń da agbo tí ó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí ìyá ọkọ tí ó dá wà ní abúlé, tí kò sì fẹ́ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ kí i, ẹ má tètè sọ pé kí ó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ kò gbé mọ́, kí ẹ sì bá a ṣe é.