Gíláàsì Tí Kì Í Rì

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, irú èyí tí trackpad rẹ̀, gíláàsì tí a ń fi ìka rìn lórí rẹ̀, ń mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó, kó kọ́kọ́ pa á pátápátá, kó wá fi ìka tẹ gíláàsì náà. Kò ní dún, kò ní rì. Kó tún un tàn, kó tẹ ojú ibì kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí yóò gbọ́ “kọ́”, ìka rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí i pé ohun kan wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó wọlẹ̀. Gíláàsì náà kò kúrò níbi tó wà. Òòfà oníná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mì í sí ẹ̀gbẹ́ ni, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀. Ọpọlọ wa ló gba mímì yẹn bíi rírì.

Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀ ni trackpad yìí máa ń dà láàmú jù, torí pé yóò máa wá bọ́tìnì tó bàjẹ́ níbi tí kò ti sí bọ́tìnì. Èyí tí a lò tẹ́lẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn: òkè rẹ̀ ló so mọ́, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń rì, ìka tó bá wà lókè á máa tẹ̀ títí kó tó gbọ́ ohùn. Oṣù Kẹta ọdún 2015 ni Apple kéde oríṣi tuntun yìí nínú MacBook oníínṣì 12 àti MacBook Pro oníínṣì 13, wọ́n pè é ní Force Touch. Ohun tó ń wọn ìwúwo ìka wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ kò yàtọ̀ síra mọ́. Ìtẹ̀ kìíní ni èyí tí gbogbo wa mọ̀. Bí ìka bá tún tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ sí i láìgbé e kúrò, “kọ́” kejì á dún, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

“Kọ́” kejì yìí ló kọ́kọ́ bá mi jà. Iṣẹ́ àtúnkà ni mo ń ṣe, ìwé Yorùbá ni mo sì ń tún kà láti àárọ̀ dalẹ́: àmì ohùn tó fò, lẹ́tà tí kò ní àmì ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Kí n tó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, mo ní láti fi ọfà ojú kọ̀ǹpútà mú un, kí n tẹ orí rẹ̀, kí n sì fà á dé ìparí. Ọwọ́ ẹni tó ń wá àmì kékeré kì í fúyẹ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, àpótí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ á já sójú, á bo ìlà tí mo ń kà mọ́lẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé, lórí kọ̀ǹpútà tèmi, kò sí ohun tí àpótí náà rí sọ nípa ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo tẹ̀. Ó kàn dé, ó dí mi lọ́wọ́, ó sì ṣófo.

Ibi tí a ti ń tún un ṣe wà nínú System Settings, lábẹ́ Trackpad. Ìwúwo mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí èèyàn lè yàn: Light, Medium àti Firm. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, kó yan Firm. Èmi yan Firm fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá mo pa “kọ́” kejì náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Force Click. Ẹni tó bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè fi í sílẹ̀, yóò wúlò fún un. Fún àtúnkà Yorùbá, mo rò pé pípa ló dára jù.

Ti ìka mẹ́ta ló tún wá le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà ṣì jẹ́ tuntun, bí mo bá fi ìka mẹ́ta gbá gíláàsì sókè, gbogbo fèrèsé tó wà ní ṣíṣí yóò tò síta kí n lè mú èyí tí mo fẹ́. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí mo gbá a sókè, tí fèrèsé kan ṣoṣo tẹ̀ lé ọwọ́ mi lọ sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé ibí yìí ló máa ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Kò bàjẹ́. Ètò kan wà tí mo tàn, tó ń jẹ́ kí èèyàn fi ìka mẹ́ta fa nǹkan láìtẹ gíláàsì rárá. Bí a bá sì ti tan ètò yìí, ẹ̀rọ náà á gbé iṣẹ́ tí ìka mẹ́ta ń ṣe tẹ́lẹ̀ fún ìka mẹ́rin, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ sì rèé, ó ní ìrántí tirẹ̀. Orí mi ti mọ̀ pé ó ti di mẹ́rin, ìka mi kò gbà, ó pẹ́ kí ó tó gbà.

Bóyá ẹnìkan á béèrè pé kí ló dé tí mi ò kúkú pa ìfà oníka mẹ́ta yẹn kí gbogbo ẹ̀ padà sípò. Àtàǹpàkò mi ni kò jẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀, tó ń fà, tó tún ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló mọ ìrora tó máa ń ti ìdí àtàǹpàkò gba ọrùn ọwọ́ wọlé. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ìka mẹ́ta rìn fẹ́ẹ́rẹ́ lórí gíláàsì, ìrora náà ti dín kù púpọ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Wayne Westerman, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, ní ìrora ọwọ́ tí títẹ bọ́tìnì lásán ń dá sí i lára. Òun àti John Elias ló dá FingerWorks sílẹ̀ ní 1998, wọ́n ń ṣe pátákó tí ọwọ́ kàn máa ń fara kàn fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń mọ ìka púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apple ra ilé iṣẹ́ náà ní 2005. Ọwọ́ tó ń ro ènìyàn ló bí púpọ̀ nínú àwọn àṣẹ tí a ń fi ìka pa lónìí. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé ìfà oníka mẹ́ta fara sin tó bẹ́ẹ̀: inú Accessibility ni, lábẹ́ Pointer Control, nínú Trackpad Options. Ó dára bó ṣe wà fún àwọn tí ara wọn kò pé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ jẹun ló yẹ kó mọ̀ pé ó wà, kí ọwọ́ wọn tó máa ro wọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ti iná ló kù. Ọfà náà a máa fò láti igun kan sí ìkejì, a máa ṣí ohun tí n kò tẹ̀. Tí mo bá yọ ṣájà, ara rẹ̀ á balẹ̀. Oníṣẹ́ iná kan tó wá tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe nílé wa ní Ìbàdàn ló rí mi níbi tí mo ti ń bá a jà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀yìn ìka yín ra ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Mo rà á. Irin ara kọ̀ǹpútà náà ń gbọ̀n yìnrìnyìnrìn lábẹ́ awọ mi.

“Iná tó ń wá ilẹ̀ ni,” ó ní, “kò rí ilẹ̀.”

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ní ihò mẹ́ta, ihò kẹta kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ kẹta pulọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ṣájà kékeré náà, ike lásán ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Trackpad sì rèé, iná tín-ín-tín tó ń yí padà nígbà tí ara ènìyàn bá sún mọ́ ọn ló fi ń mọ ibi tí ìka wà. Bí iná ṣájà tí kò rí ilẹ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, kò ní mọ ìka yàtọ̀ sí ariwo mọ́. Ọkùnrin náà ri ọ̀pá irin mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó so waya bàbà mọ́ ọn wọlé, mo sì wá okùn ṣájà tí ẹsẹ̀ kẹta rẹ̀ jẹ́ irin tó so dé ara ṣájà. Ọfà kò fò mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ní tirẹ̀: ìka gbẹ, gíláàsì kò mọ̀ ọ́n dáadáa, a fi òrí pa á, ọ̀rá dúró lójú gíláàsì. Aṣọ tó mọ́ ló ń parí ìyẹn. Àmọ́ bí gíláàsì bá ga sókè ju ara irin lọ, tàbí tí kọ̀ǹpútà kò pa dé mọ́, ẹ má ṣe wá ètò kankan nínú Settings. Bátìrì ló ṣeé ṣe kó ti wú. Ẹ pa á, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ṣètò kẹ́yìn. Làkúrègbé ti mú oríkèé ìka wọn, orúkọ àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fẹ́ máa tẹ̀. Mo yan Light fún wọn, mo tan ìfà oníka mẹ́ta, mo pa “kọ́” kejì. Mo tún fẹ́ pa ohùn “kọ́” fúnra rẹ̀ kó má bàa máa dún létí wọn, ni wọ́n bá dá mi dúró.

“Àbúrò mi, fi í sílẹ̀ jàre. Ìka mi ò gbọ́ ọ mọ́, etí mi ló ń bá mi gbọ́ ọ.”

Mo fi í sílẹ̀.