Láti Kúdẹtì Dé Àhámọ́ Kìnnìún

Ọgbà ẹranko méjì ni ará Kúdẹtì ní Ìbàdàn lè dárúkọ láìronú. Èkíní ni ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ọdún 1948 tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Nígbà tí ó di 1974, ó ti di ọgbà ẹranko pérépéré. Ibẹ̀ ni gọ̀rílà tí wọ́n ń pè ní Imade gbé nígbà ayé rẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà ìlú ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Èkejì ni ti Agodi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí omíyalé Ògùnpa ti 31 Oṣù Kẹjọ 1980 sì gbá lọ tòun tẹranko; ní 2014 ni wọ́n tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, èrò a máa ya lọ sí irú ibi báyìí bí omi. Ẹni tí ó bá wo inú èrò náà dáadáa yóò rí i pé àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ àti àwọn tó ń fi ọ̀pá tálẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ rí kìnnìún.

Ìdí àkọ́kọ́ kò sí nínú ọgbà rárá. Kúdẹtì gan-an ni ó wà. Àdúgbò tí ó ti wà kí mọ́tò tó dé ni, bíi Ọjà'ba, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Bẹyẹrúnkà: agboolé fara ti agboolé, ọ̀nà tó wà láàárín wọn ní ibòmíràn kò ju kí ènìyàn méjì fẹ̀gbẹ́ kọjá lára ara wọn, ilẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò tí àdúgbò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń pọn ẹni tí ó ni ín dé títì, tí ẹlòmíràn yóò sì ru kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé e. Ní títì, máíkírà, takisí kékeré, ló kù. Búùtù rẹ̀ kéré, awakọ̀ a sì fẹ́ gba owó ẹni méjì nítorí kẹ̀kẹ́. Bí aláàbọ̀ ara bá ń wọkọ̀ sọ wọkọ̀, yóò sọ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, yóò tún sọ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí Ṣángo kí ó tó dé ẹnu géètì yunifásítì, gbogbo ibi tí ó bá ti sọ̀ ni wọn yóò ti gbé e sílẹ̀, tí wọn yóò tún gbé e sókè. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyà yìí yóò gba dúróọ̀pù, ọkọ̀ tí yóò gbé òun nìkan. Owó ọkọ̀ ni owó ìwọlé tirẹ̀ gan-an. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọdé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti dínkù gan-an: ní Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé irú èyí tí ó jẹ́ ti àdánidá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú ní kékeré ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ọmọ wọn ló ń sunkún pé òun fẹ́ wo ọ̀bọ, àwọn ni wọn kò sì mọ bí àwọn yóò ṣe tẹ̀lé e wọlé.

Ní ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn ni ọ̀tá. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò káàkiri ayé ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gun ún gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó gùn ju mítà márùn-ún lọ. Èyí tí àwọn bíríkìlà sábà máa ń fi sìmẹ́ńtì tí ó ṣẹ́kù ṣe, tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri, ewu ni. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni ó kù: yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ a máa gbé táyà kékeré iwájú mì, gbòǹgbò igi a máa ti búlọ́ọ̀kù sókè, ẹrẹ̀ òjò a sì parí ìyókù. Síbẹ̀, ọgbà ẹranko sàn ju àwọn ibi ìgbafẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn lọ. Ilé gogoro Láyípo tó wà ní Òkè Àrẹ̀, tí wọ́n kọ́ parí ní 1936, àtẹ̀gùn 47 tí ń yí po ni wọ́n fi ń gùn ún. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí èyí láìba ilé náà jẹ́. Ti ọgbà ẹranko kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rìn, ilẹ̀ sì ṣeé tún ṣe.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ibi tí ojú dé. Ojú ẹni tí ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kì í ju mítà kan àti díẹ̀ lọ sókè. Ògiri tí ẹni tó dúró ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ nígbà tí ó bá ń wo ọ̀nì, ògiri yẹn náà ni ó bo ọ̀nì mọ́ ẹni tó jókòó lójú. Ó ti dé ibẹ̀, ó ti sanwó, sìmẹ́ńtì ló ń wò. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n gé ògiri iwájú kìnnìún kúrú. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí wọ́n gbé ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ó ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí kí wọ́n fi gíláàsì tí ó nípọn rọ́pò apá kan ògiri náà.

Afọ́jú kò nílò èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ó sì lè jẹ́ pé òun ni yóò gbádùn ọgbà jù bí wọ́n bá ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Igbe kìnnìún a máa mi àyà ẹni. Òórùn ilé ọ̀bọ yàtọ̀ sí ti ilé ẹyẹ. Tábìlì kan ṣoṣo tó: ẹyin ògòǹgò, ìyẹ́ odídẹrẹ́, ẹ̀gún òòrẹ̀, awọ tí erè bọ́, igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn tó ń tọ́jú ẹranko máa ń gbá dànù láràárọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ní ojú náà fọwọ́ kàn wọ́n, nítorí pé ẹ̀gún òòrẹ̀ kò rí lọ́wọ́ bí ó ṣe rí lójú.

Ti adití rọrùn jù, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu pé wọn kì í ṣe é. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí ẹ̀kọ́ adití ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà: ní 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwé Cheshire tó wà ní Ìjókòdó kò jìnnà sí ọgbà ẹranko yunifásítì, àwọn tó gbọ́ èdè ọwọ́ sì wà nínú yunifásítì kan náà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ohun tó kù ni pátákó tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àti ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ògbufọ̀ yóò dúró ti ẹni tó ń ṣàlàyé.

Ọmọ tí ó ní ọtísìmù ń fẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí èrò kò tíì pọ̀, àti ibi tó tòrò tí ó lè jókòó sí. Gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80. Níbi tí kò bá ti sí, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ kò ní mu omi láti àárọ̀, yóò sì tètè lọ sílé.

Òfin wà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2007, tí ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010, ka fàájì àti ìgbafẹ́ mọ́ ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara. Ní Oṣù Kìíní 2019 ni wọ́n kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti buwọ́ lu òfin tí ó ka ẹ̀tanú sí wọn léèwọ̀. Ọdún márùn-ún tí òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti fi ṣàtúnṣe pé ní 2024. Ó ní níbi tí èrò bá ti tò, aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Èyí kò ná ọgbà ẹranko ní kọ́bọ̀, ọjọ́ Iléyá sì ni ó wúlò jù. Òfin yìí kò dárúkọ ògiri ọ̀nì tàbí tábìlì ẹ̀gún òòrẹ̀. Àwọn alákòóso ọgbà ni ó fi ìyẹn lé lọ́wọ́. Àwọn náà ni yóò pinnu bóyá ọmọ tó ń fa ọ̀pá afọ́jú yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá sin aláàbọ̀ ara wá.