Kọ̀rólà Aláwọ̀ Eérú

Toyota Corolla ni, ti ọdún 2005, aláwọ̀ eérú. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá ràn sí i lára, èèyàn á rí i pé eérú náà ju ẹyọ kan lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì dúdú díẹ̀ ju ti iwájú lọ, torí pé ọ̀dà tí wọ́n kùn ún lẹ́yìn tí dáńfó kan fi ìdí gbá a kò bá ti àtilẹ̀wá dọ́gba. Bọ́ńpà iwájú ti là níbi méjì, wọ́n sì fi wáyà tín-ín-rín rán an bí ẹni rán ìdí igbá tó fọ́. Ní ẹ̀yìn, férémù oníke tó yí nọ́ńbà Èkó ká ṣì gbé orúkọ ìpínlẹ̀ Georgia dání. Nọ́ńbà ṣásí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, 2 ló fi bẹ̀rẹ̀: Kánádà ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Amẹ́ríkà ló ti ṣe èwe, Èkó ló wá ń darúgbó sí.

Ọkọ̀ àbúrò mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún 26 ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, ó sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ó sì ríṣẹ́ sí Victoria Island. Ìkòròdú ló ń gbé. Ẹni tó bá mọ Èkó ti mọ ìyókù ọ̀rọ̀. Ìkòròdú ni owó ilé ti ṣe é san, Victoria Island ni iṣẹ́ wà, Mile 12, Kétu, Ọjọ́ta àti afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ, ló sì wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2023 àti 2024 tu àwọn ará Mile 2 àti Agbádó lára, àmọ́ kò yà sí Ìkòròdú. Bọ́ọ̀sì BRT ń ná ọ̀nà náà lóòótọ́, èrò tó ń tò dè é ni kò ṣe é fẹnu sọ.

Kó tó ra ọkọ̀, ìdájí ló ń jí kúrò nílé, òru ló sì ń wọlé. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ìyá wa á ti gbé fóònù: "Ọmọ mi, ibo lo dé báyìí?" Ìbẹ̀rù àwọn olè tó ń fi dáńfó gbé èrò, àwọn tí gbogbo Èkó ń pè ní wan-ṣáǹsì, ló wà nídìí ìbéèrè yẹn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà kan nínú ẹbí ń sọ pé ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rà, pé fáàrí ló ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gbé ọmọbìnrin délé láago mẹ́wàá alẹ́.

Owó ọkọ̀ náà lé ní mílíọ̀nù 3 náírà. Láyé ìgbà kan, bí wọ́n bá dárúkọ tòkunbọ̀, Kùtọnu lọkàn èèyàn ń lọ. Wọ́n á sọdá Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n á wà á wálé. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ó ku ebúté nìkan. Nígbà tí náírà tún wá já ní 2023, tí dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi 460 di 1,500 ní 2024, tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi ga ju ọwọ́ ọ̀dọ́ tó ń jẹ owó oṣù lọ. Èyí tí àwọn ẹlòmíì ti lò nílé ló kù fún wọn. Èèyàn méjì ló ti wa Kọ̀rólà yìí l'Ékòó kó tó kan àbúrò mi. Àjọ tó ń dá pẹ̀lú àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ ló kó sí i, kọ́ọ̀póretífù yá a ní ìyókù, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó rẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, ìyá wa bu omi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní: "Ìwọ lo máa lo ọkọ̀ o, ọkọ̀ ò ní lò ọ́."

Ẹ wo inú rẹ̀. Àga awakọ̀ ti rì lápá kan, ó ti gba ìdí àwọn tó jókòó síbẹ̀ rí sínú. Máìlì ló fi ń ka ìrìn, ó sì ti lé ní 180,000. Iná ẹnjìnnì pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí kì í kú; rewáyà mẹ́ta ti wò ó, oníkálukú ló sì ní àlàyé tirẹ̀. Ẹ̀sí ń fẹ́, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́. Gíláàsì ni wọ́n ń yí wálẹ̀ lórí afárá, tí èéfín ẹja Mákòókó á sì wọlé tọ̀ wọ́n wá. Nínú búùtù, ẹ ó bá táyà ìpààrọ̀, jáàkì, sí-kọ́ṣọ̀n, ẹ̀rọ ìpaná, kẹ́ẹ̀gì omi, àti bàtà gíga tó ń wọ̀ ní ọ́fíìsì, torí sílípáàsì ló fi ń wa ọkọ̀. Àwọn ìwé wà nínú àpò onírọ́bà níwájú: lísẹ́ǹsì, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, àti ìwé adójútòfò kékeré tó kúrò ní 5,000 náírà tó di 15,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023.

Epo wá ni baba gbogbo rẹ̀. Táńkì náà ń gba nǹkan bíi lítà 50. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà àti díẹ̀ ń kún un l'Ékòó. Lóṣù keje ọdún náà, lítà kan di 617. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ku díẹ̀ kó pé 1,000, táńkì kan sì ń lọ sí 50,000. Owó tí ìjọba ń fún àgùnbánirọ̀ fún oṣù kan gbáko, lẹ́yìn tí wọ́n fi kún un pàápàá, 77,000 ni.

Ọgbọ́n tó dá sí i nìyí: aládùúgbò mẹ́ta ló ń gbé lọ láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń bọ́ọ́lẹ̀ l'Ọ́báléńdé, àwọn méjì yòókù ń bá a dé Victoria Island. Nọ́ọ̀sì yìí, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí torí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ, ló ń gba owó epo jọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí kò bá tíì san kì í jókòó níwájú.

Mo bá àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Sátidé kan. Ọ̀gá náà yọ táyà iwájú, ó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, ó sì mì í kí ó lè gbọ́: kó-kó, kó-kó. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ. Ó gbé méjì tí wọ́n rà bọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ kalẹ̀ sórí àkísà, ọ̀kan tuntun tó ń dán, èkejì bẹ́líjíọ̀mù tó dọ̀tí fún gírísì.

"Tuntun yìí ò wọ́n. Àmọ́ bẹ́líjíọ̀mù yìí, ọkọ̀ ni wọ́n tú u lára, á pẹ́."

Àbúrò mi gbé bẹ́líjíọ̀mù náà sókè, ó yí orí rẹ̀ wò bóyá ó ń yọ̀. Ó béèrè iye rẹ̀, ó béèrè iye tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀sí pẹ̀lú, ó sì ro ó lórí fóònù rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀sí dúró dìgbà tí mo bá gbowó, Ọ̀gá. Ẹ bá mi fi èyí sí i, kí ẹ sì dè é dáadáa. Èèyàn mẹ́rin la máa wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."