Ẹsẹ̀ Pẹ̀lẹ́ Lójú Ọ̀nà Òkè Ìdáàṣà

Ẹni tí ó bá ti Kútọnu bọ̀ lójú ọ̀nà ńlá tí ó gba Bohicon kọjá kò nílò ẹnikẹ́ni láti sọ fún un pé òun ti wọ ilẹ̀ Ìdáàṣà. Àpáta ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i láti ọ̀ọ́kán, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọn yóò fi yí i ká. Òkè mọ́kànlélógójì ni ẹnu ayé ń kà mọ́ wa lára. Nísàlẹ̀ wọn ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ọ̀nà ọlọ́dà wọ̀nyí kì í dá ọkọ̀ lágara. Ohun tí ń dán ọkọ̀ wò ni àwọn ọ̀nà amọ̀ pupa tí ó yà kúrò lára wọn lọ sí Kèrè, Soclogbo, Tré, Lèma, àti sí àwọn abà tí ó wà lẹ́yìn wọn. Níbẹ̀ ni iṣu wà, níbẹ̀ ni gàrí àti ẹ̀pà àti kajú wà, níbẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ti ń dúró de ọkọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Peugeot 404 ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tí a fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí Faransé ń pè ní bâchée. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 504 dé. Gíà ọwọ́ ni wọ́n ní. Ẹni tí ó mọ̀ wọ́n wà dáadáa ń fi ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún bá wọn sọ̀rọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní èbúté Kútọnu ni ó ti Amẹ́ríkà wá, ìtẹ̀ méjì péré ni ó sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ nínú wọn: iná àti bíréèkì. Faransé pe irú gíà bẹ́ẹ̀ ní boîte automatique. Àwa yóò pè é ní gíà adáṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a sábà ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ni pé kò yẹ òkè, kò yẹ ẹrù, kò yẹ ilẹ̀ wa. A kò fara mọ́ ọn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Àwa mẹ́rin ni a dáwó jọ ra píkọ́ọ̀pù Toyota kan tí ó ní gíà adáṣiṣẹ́, kí ó máa kó ẹrù àwọn ìyá wa láti oko. Ó ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwà kan. Bí a bá dúró, tí a tún tẹná, yóò kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fò síwájú, ohun kan yóò sì dún gbì lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí a bá sọ ọmọ odó sínú odó òfìfo. Iṣu á yí, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á dojú dé. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tí ó jókòó lórí àpò gàrí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ sójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan nínú wọn ti ń béèrè bóyá kí àwọn kúkú padà sórí alùpùpù, tí ń kó àpò méjì méjì lẹ́ẹ̀kan.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ bá wà á lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀kalẹ̀, ó mi orí. Ó ní gíà ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Owó tí ó dárúkọ tó ra alùpùpù tuntun méjì. Bí a bá san án, èrè ọdún náà ti tán. Bí a kò bá sì san án, kí a tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà ní ẹyọ-ẹyọ. Kò wo abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó dájọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí a gbé ọkọ̀ wa padà sílé nìyẹn.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀ràn náà yọrí sí, ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí mọ ohun tí ó wà nínú gíà adáṣiṣẹ́, nítorí àìmọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di àwámáàrídìí. Ẹ fi ojú inú wo fáànù méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Ẹ tan iná ọ̀kan; afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò máa yí èkejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, àfi pé epo ni ó wà níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kò sí irin tí ó so wọ́n pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Epo ni ó ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ní lọ́kàn. Ní 1939 ni General Motors ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gíà adáṣiṣẹ́ tí wọ́n pè ní Hydra-Matic, nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Epo kan náà yìí ni ó ń ti àwọn àwo inú gíà pọ̀ kí gíà tó yí padà, òun ni ó ń tu irin lára, òun náà ni ó ń mú kí ó tutù. Bí epo bá bàjẹ́, tàbí tí ó dín, kò sí èyí tí yóò lọ déédéé nínú iṣẹ́ wọ̀nyí.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun láti ìgbà 404 títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Nígbà tí a ròyìn fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ti dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀?”

“Bàbá, kò tíì sí.”

“Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ wá ọmọdé tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa.”

Ọmọ náà dùbúlẹ̀, bàbá sì ń darí rẹ̀ láti orí àpótí tí ó jókòó lé. Ó ní kí ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ọ̀pá gbọọrọ tí ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ gíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní cardan. Láàárín ọ̀pá yìí ni ibì kan wà tí irin ti ń wọ inú irin, tí ó ń gùn, tí ó ń kúrú, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣe ń lọ sókè sódò lórí sípíríǹgì rẹ̀. Gíríìsì ni ó yẹ kí ó kún ibẹ̀. Ti wa gbẹ táútáú, eruku pupa ni ó wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, irin á há; bí a bá tún tẹná, á já lójijì. Ariwo gbì tí ó ní a gbọ́dọ̀ ra gíà tuntun nìyẹn. A fọ ibẹ̀, a fi pọ́ńpù fún un ní gíríìsì níwọ̀nba, nítorí bàbá kìlọ̀ pé bí ó bá pọ̀ jù, yóò ti ọ̀pá náà síta, kò sì ní lè kúrú mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ariwo ti lọ.

Ìlọ́ra náà kò lọ. Epo ni ó kù tí a óò wò. Nínú ìwé ọkọ̀ wa, ojú ilẹ̀ títẹ́jú ni a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí a mú ọ̀pá gíà kọjá lórí gbogbo àmì rẹ̀, kí a tó dá a padà sí P. Ọkọ̀ mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ pa kí a tó wò ó. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ọ̀pá ìwọ̀n rárá, abẹ́ ni a ti ń tú bóòtù kan. Ẹ ka ìwé ti ọkọ̀ yín. Epo tuntun a máa pupa, a sì máa mọ́. Ti wa ti dúdú bí omi ewé tí a sè ní àsètúnsè, òórùn nǹkan jíjóná díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá rí bí wàrà tí a da osùn sí, omi rédíétọ̀ ni ó ti wọ inú rẹ̀, wàhálà gidi ni ìyẹn.

Àríyànjiyàn ńlá wà níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí a bá pààrọ̀ epo gíà tí ó ti gbó, gíà náà yóò kú. Ní tiwa, a rò pé gíà tí ó kú lẹ́yìn pípààrọ̀ epo ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a tú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, a wo mágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà níbẹ̀: ẹrẹ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ó lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí èérún irin. Èyí fún wa ní ìgboyà. Bí a bá fa epo náà jáde, apá kan rẹ̀ péré ni yóò jáde, nítorí ìyókù wà nínú ilé àwọn fáànù ọjọ́sí. A wọn ohun tí ó jáde sínú ìgò, a dá iye kan náà padà, a wà á fún ọjọ́ mélòó kan, a tún ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹta. Irú epo tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni a wá kiri. Àwọn tí ń ta epo inú gáláàmù sọ fún wa pé pupa ni gbogbo wọn, kí ni a tún ń wá? Ṣùgbọ́n àwọ̀ aró lásán ni. Bí epo kan ṣe ń mú àwo inú gíà mọ́ ara wọn yàtọ̀ sí ti èkejì, èyí tí kò bá bá a mu yóò máa mú kí ọkọ̀ gbọ̀n nígbà tí gíà bá ń yí padà.

Sẹ́ẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì náà wà nínú ọ̀ràn yìí, ọyẹ́ àti amọ̀ pupa ti dí i pa. Kpayo tí ó ní ìdọ̀tí a sì máa mú kí ẹ́ńjìnnì kọsẹ̀, kí a wá máa bú gíà.

Ohun tí ó kù ni ẹsẹ̀ awakọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gíà adáṣiṣẹ́ ń ka ẹsẹ̀ wa. Bí a bá tẹ iná wọlé lójijì, ó gbà pé a ń sáré, yóò dúró pẹ́ lórí gíà kékeré, yóò sì fò nígbà tí ó bá yí i padà. Bàbá ní kí a máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń da epo pupa sínú ìgò láìlo àrọ. Bí ọkọ̀ bá ti gba ìrìn, kí a dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, gíà á sì bọ́ sí èyí tí ó tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ìyá ẹ̀yìn mọ̀. Kí a má ṣe ti R sí D kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá. Lójú òkè pẹ̀lú ẹrù, bí gíà bá ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín méjì, a ń pa overdrive, kí ó lè dúró sójú kan. Ní ìsọ̀kalẹ̀, 2 tàbí L ni a ń lò kí ẹ́ńjìnnì bá wa di ẹrù mú, nítorí bíréèkì tí a bá tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóná títí yóò fi kọ̀ láti mú. Àárín oṣù Ògún, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá ń rọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, tí ọkọ̀ ń rákò nínú oòrùn, ni epo gíà máa ń gbóná jù. A ń fi àyè sílẹ̀ níwájú wa, kí ìrìn wa lè jẹ́ ọ̀kan gígùn dípò ogún kéékèèké.

Ohun kan ń dùn wá nínú ọ̀ràn yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí ó bá ọkọ̀ wọ̀nyí wá. Faransé ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì níbí ń kà, èdè Ìdáàṣà ni wọ́n sì fi ń ronú nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Láàárín èdè mẹ́ta yìí ni gíà tí kò ní àrùn ti ń kú. Nítorí náà ni a ṣe tú ojú ìwé mẹ́fà tí ó kan epo, gíríìsì àti ìwọ̀n wọn, a kọ Faransé sí apá kan, Yorùbá sí apá kejì, nínú ìwé àjákọ kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀. A ń kọ ọjọ́ tí a fún cardan ní gíríìsì àti iye epo tí ó jáde síbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ti wá dà á kọ. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí wa, ó ní ọ̀rọ̀ wo ni Yorùbá ń lò fún cardan. A ní kò sí. Ó ronú díẹ̀, ó kọ “ọ̀pá ẹ̀yìn” sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.