Nígbà Tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ Bá Dilẹ̀

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé dunjú mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a ń dúró tì. Obìnrin tó ń ṣe èlùbọ́ ní Òkè-Ògùn ti mọ èyí láti ayé ìyá rẹ̀. Yóò bọ iṣu sínú omi gbígbóná lálẹ́, yóò dé e, yóò sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, omi ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ku ti oòrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo ògì tí a rẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa ètò ilé, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n pín iṣẹ́ ilé sí ọ̀nà méjì: èyí tó ń fẹ́ ọwọ́ àti ojú wa, àti èyí tó ń fẹ́ àkókò nìkan.

Ẹ̀rọ kan ti wọ inú ilé wa báyìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì máa bá lò bí a ti ń bá ìkòkò ògì lò. Ẹ̀rọ náà ni kọ̀ǹpútà.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kan ń gbé ní Kòmu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe èlùbọ́ ládùúgbò wọn. Inú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ rẹ̀ ni ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà wà: iye tí oníkálukú dá, ẹni tó yá owó, ẹni tó ti san án padà. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n wò ní àkókò ìsinmi, mo rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì rù. Ọmọ oṣù méje wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóru ni iná sábà máa ń dé sí àdúgbò wọn, òru náà sì ni dátà máa ń dínwó. Nítorí náà, á gbé ọmọ pọ̀n, á jókòó ti ẹ̀rọ títí di aago méjì, kí ó lè da ìṣirò ẹgbẹ́ kọ sínú fíláàṣì, kí ó sì gba àwọn àtúnṣe tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń fi ránṣẹ́. Inú ọkọ rẹ̀ kò dùn sí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn nínú yàrá lóru. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ̀rọ yìí ti di ọmọ ọwọ́ kejì tí mò ń tọ́."

Mo sọ fún un pé, "Ìyàwó, èyí kì í ṣe iṣẹ́ tìrẹ. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ àkókò nìkan ni."

Nínú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Task Scheduler. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àṣẹ pa mọ́: iṣẹ́ báyìí ni kí o ṣe, ní aago báyìí, bí nǹkan bá rí báyìí. Àṣẹ mẹ́rin ló wúlò jù fún ilé tiwa. Èkínní, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kìkì nígbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ bá dilẹ̀, bí àpẹẹrẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì, kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà nìkan, kí ó sì dáwọ́ dúró bí ó bá kan bátìrì. Ẹ̀kẹta, bí aago tí a dá fún un bá kọjá nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, kí ó ṣe iṣẹ́ náà ní kété tí àyè bá yọ. Ẹ má fojú kéré ẹ̀kẹta yìí: òun gan-an ló bá ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ mu. Ẹ̀kẹrin, kí aago náà jí ẹ̀rọ tó bá ń sùn. Mo ní tó ń sùn o, n kò ní tí a ti pa pátápátá, nítorí èyí tí a pa pátápátá kì í gbọ́ ìpè ètò yìí.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ tún ní iṣẹ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́ tí wọ́n ti dá sí aago méjì òru láti ilé iṣẹ́ wá: láti yẹ ara rẹ̀ wò, kí ó sì palẹ̀ ìdọ̀tí inú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá sí ní títàn ní aago náà, yóò dúró de ìgbà mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, tí ẹ padà dé tí ẹ gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kùn, ó lè jẹ́ iṣẹ́ òru ló ń ṣe lọ́sàn-án.

A ṣètò tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òru àkọ́kọ́, iná kò dé rárá. Ní òru kejì, iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ìṣirò ẹgbẹ́ nínú fíláàṣì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jí. Mo tún gbà á níyànjú pé kí fíláàṣì kejì wà ní ilé ìyá ẹgbẹ́, kí ó máa pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Olè tàbí iná tó bá kó ẹ̀rọ lọ kò gbọdọ̀ kó ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sórí tìmùtìmù tàbí ibùsùn. Orí tábìlì ni kí ó wà, kí atẹ́gùn lè rí àyè. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ilẹ̀ ọ̀dàn wa máa ń dí ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nù ún. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ okùn iná rẹ̀. Ní ti owó, ẹ̀rọ àgbéléwọ́ tó ń jẹ wáàtì 50 fún wákàtí 6 lóru kan yóò jẹ yúníìtì 9 ní ọgbọ̀n òru. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iṣẹ́ bá parí láàárín wákàtí kan, ẹ pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ padà sùn.

Àwọn kan ti mú ọgbọ́n yìí dé òde. Ní oṣù Èbìbí 1999, Yunifásítì California ní Berkeley bẹ̀rẹ̀ SETI@home: kọ̀ǹpútà inú ilé, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á máa bá wọn yẹ ìró rédíò tó ti ojú ọ̀run wá wò. Ó ju mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn lọ tó bá wọn ṣe é kí wọ́n tó dá pínpín iṣẹ́ dúró ní 2020. Ní 2006, ilé ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru kan ní Basel, ní Switzerland, fi irú ọ̀nà kan náà ṣírò bí ibà ṣe ń tàn ká, àti ohun tí oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ṣe sí i. Ní 2019, Yunifásítì Delft ní Netherlands bẹ̀rẹ̀ ìṣirò òjò ilẹ̀ Áfíríkà lórí World Community Grid, tí IBM dá sílẹ̀ ní 2004, kí wọ́n lè mọ ìrìn òjò ní ìwọ̀n kìlómítà kan sí kìlómítà kan. Àwa ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn, tí ọdún iṣu wa so mọ́ ọjọ́ tí òjò bá dé, mọ iyì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ dúró déédéé lè yá irú wọn ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ilé tí bátìrì oòrùn kan ṣoṣo ń tan fáànù ọmọ ọwọ́, kí ó fi bátìrì náà sílẹ̀ fún ọmọ.

Ohun kan wà tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ bi í léèrè: ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ dilẹ̀? Bí olóhun bá sì ti fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ òru á yà kúrò lọ́nà. Ta ni ń bi aya ilé ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Bí ó bá jókòó, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, wọ́n á rán an níṣẹ́. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò, ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ nígbà tó bá sùn. Oorun náà jẹ́ iṣẹ́. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Nítorí náà, ẹ mú bébà lálẹ́ òní, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ fi àmì sí èyí tí ìkòkò, omi, oòrùn tàbí ẹ̀rọ lè dá ṣe. Ẹ sọ ètò náà fún bàbá àwọn ọmọ, kí ìmọ́lẹ̀ òru má bàa di àríyànjiyàn. Wákàtí tí ẹ bá sì rí gbà padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá iṣẹ́ mìíràn tì í. Ẹ sùn ún.