Ìwé Tí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ṣe fún Ìyá Rẹ̀

Lọ́dún 1993, Atta Kwami, ayàwòrán ọmọ Ghana, ṣe ìwé kan nípa ìyá rẹ̀, Grace Kwami, tó máa ń mọ ère. Kì í ṣe irú ìwé tí à ń tò sórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrísí aláǹtakùn ló fún un. Ohun tí Ìjàpá jẹ́ nínú àlọ́ tiwa ni Ananse aláǹtakùn jẹ́ nínú tiwọn. Ìwé náà wà ní ilé-ìkàwé Smithsonian ní Washington. Nígbà tí wọ́n pàtẹ ìwé oníṣẹ́-ọnà tó jẹ mọ́ Áfíríkà níbẹ̀ lọ́dún 2015, ó wà lára wọn.

Accra ni wọ́n ti bí Kwami lọ́dún 1956. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Kumasi. Àwọ̀ kéńtè, ìsọ̀ onípákó ẹ̀bá títì àti pátákó ṣọ́ọ̀bù ló ń rí wò kí ó tó ya tirẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Maria Lassnig lọ́dún 2021. Ọdún yẹn náà ló kú. Àwòrán ńlá tí ẹ̀bùn náà bí wà ní ọgbà Serpentine ní London lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lédè Ewe, orúkọ àwòrán náà túmọ̀ sí ayọ̀ àti oore-ọ̀fẹ́. Oore-ọ̀fẹ́ náà ni Grace, orúkọ ìyá rẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọkùnrin yìí kò dúró de òpìtàn kankan kó tó ṣe ìwé ìyá rẹ̀.

Tishigu ni mò ń gbé, ní Tamale. Ní ìlú yìí ni ìyá tó bí bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ta aṣọ títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Màmá àgbà kò mọ̀wé. Bàbá mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ló ń bá a kọ orúkọ àwọn tó ra àwìn sínú ìwé kékeré kan: Ìyá Oníṣu, sídì méjì, Mọ́là Oníbàtà, sídì mẹ́rin. Ìwé yẹn ló gbé wálé. Kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó náà.

Mo ti ka oríṣiríṣi ìwé nípa lílé tí wọ́n lé wa. Iye èèyàn àti òfin ló pọ̀ nínú wọn. N kò rí Ìyá Oníṣu níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí ìwé gbèsè yẹn mọ̀ tí òfin kò mọ̀: ẹni tí a kò fọkàn tán, a kì í ta àwìn fún un. Àwa náà lé àwọn ará Ghana ní Nàìjíríà lọ́dún 1983. Lọ́dún 2025, àwọn kan tún jáde ní Ghana, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìgbà tí ariwo bá pọ̀ báyìí ni irú ìwé kékeré yẹn wúlò jù.

Mo ti ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Bébà ni mo fi ń ṣe é, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi ń rán an, mo sì ń kọ ohun tí bàbá mi bá rántí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ni: ọ̀kan fún bàbá mi, ọ̀kan fún ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan á wà ní Tamale níbí.

Kò dìgbà tí èèyàn bá di ayàwòrán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, kó mú bírò, kó lọ jókòó tì í.